Mo-Ń-Lọ àti Agolo Ọ̀dà Bàbá Rẹ̀

Àìní ìfaradà ni àrùn tó ń ṣe ọ̀dọ́kùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mo-Ń-Lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ó lè ta òkúta fún ẹni tó wá ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ bá ti le díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á gbé àpò kọ́ èjìká, á ní, "Èmi mo ń lọ o." Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Akunlé ni bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Mo-Ń-Lọ wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, bàbá ra agolo ọ̀dà funfun kan, èyí tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ó ní, "Ilé onílé ni mo ti ń kùn látọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí o bá di ẹnjiníà, yàrá tìrẹ ni n óò fi eléyìí kùn."

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Mo-Ń-Lọ yege nínú ìṣirò, ó yege nínú físíìsì, àwọn olùkọ́ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ. Àfi ìgbà tí ìyàwòrán ẹ̀rọ dé, kọ́ọ̀sì tí ẹnu dídùn kò ti ṣiṣẹ́. Wọn á gbé irin kan, bíi nọ́ọ̀tì tí a fi ń de bóòtù, síwájú akẹ́kọ̀ọ́, á yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, ìlà kan kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Olùkọ́ gba ìwé rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ni mo ní kí o yà?"

"Nọ́ọ̀tì ni, sà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa..."

"Mo ti wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo rí. Pa ẹnu dé, jẹ́ kí pẹ́ńsù sọ̀rọ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo-Ń-Lọ sì fìdí rẹmi.

Òfin ní ẹni tí kò bá yege nínú ìyàwòrán kò lè wọ ọdún kejì. Ó lè tún un kọ́, ẹnikẹ́ni kò ní lé e. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn ló wu Mo-Ń-Lọ: ẹni tó bá ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn, wọ́n lè gba àwọn kọ́ọ̀sì tó ti yege fún un, kò ní tún wọn kọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí mo yege á tẹ̀ lé mi. Èyí tí mo fìdí rẹmi á jókòó síbí."

Yunifásítì kejì gba ìṣirò rẹ̀ àti físíìsì rẹ̀, wọ́n ní ó ku ìyàwòrán. Bí ìyàwòrán ṣe ń sún mọ́lé, Mo-Ń-Lọ gbé àpò. Ẹ̀kẹta gba díẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n ní ó ku ìyàwòrán. Ó tún gbé àpò. Àgbà tó ń sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Láàárín èyí, àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ yunifásítì àkọ́kọ́ yẹn láti kọ́ iṣẹ́ kan náà. Òun náà fìdí rẹmi nínú ìyàwòrán. Inú Mo-Ń-Lọ dùn bí ẹni rí ẹlẹgbẹ́.

"Ìwọ náà ya ọ̀pọ̀lọ́? Di ẹrù ẹ, kí n fọ̀nà hàn ẹ́."

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn á padà di nọ́ọ̀tì."

"Jókòó o, ìwọ òkúta!"

Bàbá wúkọ́ níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. "Ẹni tó bá jókòó, ó kéré tán, a mọ ibi tá a ti lè bá a."

Ọmọbìnrin náà tún un kọ́, ó yege, ó parí. Bàbá ra ọ̀dà mìíràn, ó fi kun yàrá rẹ̀, ó fi agolo ti ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá, yunifásítì pe ọmọbìnrin náà padà kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun.

Ojú wá ń ti Mo-Ń-Lọ. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ó kó gbogbo èsì rẹ̀ jọ, ó padà sí yunifásítì àkọ́kọ́, ó ní òun ti ṣe tán láti parí. Akọ̀wé tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé fara balẹ̀ wò ó.

"Ìṣirò yìí ti pẹ́, sà. Kọ́ọ̀sì tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, a kì í gbà á mọ́."

"Físíìsì ńkọ́?"

"Òun náà ti kọjá ọjọ́."

"Kí ló wá kù?"

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kù, sà. Ọdún kìíní la ó fi yín sí. Ìyàwòrán ẹ̀rọ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mo-Ń-Lọ fún ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọdé. Ilẹ̀kùn ṣí. Àbúrò rẹ̀ ló wọlé. Gbogbo kíláàsì dìde.

"Ẹ káàárọ̀, mà!"

Ẹnu tó ń ta òkúta ní búrẹ́dì há. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgúnpá gún un. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí wọn o!"

"Ẹ káàárọ̀... mà."

Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin kalẹ̀, wọ́n yà á, ó ń yípo títí ó fi dé ẹ̀yìn. Ó wo ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́.

"Nọ́ọ̀tì ni," ni Mo-Ń-Lọ sọ. "Bí ẹ bá wò ó dáadáa..."

"Bùrọ̀dá mi," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsù sọ̀rọ̀."

Nígbà tí Mo-Ń-Lọ délé, ó fa agolo rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó ṣí i. Ọ̀dà ti gan, ó le bí òkúta. Ó fi ìka kàn án, ó dún kó.

"Bàbá, ṣé kò sí ohun tó lè rọ̀ ọ́?"

"Kò sí," ni bàbá dáhùn. "Ọ̀dà tí kò bá rí ògiri, inú agolo ló ń gan sí. Tuntun la máa rà, ìwọ lo sì máa rà á."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ohun líle tí a bá sá fún kì í jókòó síbi tí a fi í sí. Ó máa ń ṣáájú wa dé ibi tí à ń lọ. Ohun tí a tilẹ̀ ti ṣe yege, bí a kò bá parí rẹ̀, ọjọ́ á lọ lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó dúró, kó tún un ṣe. Ẹ̀rín kíláàsì kì í ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n "ẹ káàárọ̀, mà" fún àbúrò ẹni, àràárọ̀ ni.