Níbo La Ti Fẹ́ Rí Wọn?

Gbì ni ọ̀mọ̀wé balẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n sá kòkó sí. Kó tó mọ ohun tó lù ú, Dúrójaiyé, àgbẹ̀ kan ní abúlé Aládé, ti fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó sì ti gbá a lẹ́nu títí eyín kan fi yọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1955 ni. Ọ̀mọ̀wé yìí ló ń ṣèwádìí lórí ìdánwò tí wọ́n fi ń mú ọmọ wọ ilé-ìwé dókítà. Ó wá sọ fún Dúrójaiyé pé kí Fọláyan, ọmọ rẹ̀ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà, lọ wáṣẹ́ mìíràn ṣe.

"Ìdánwò wa kì í ṣìnà, Bàbá!" Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí táì rẹ̀. "Gbogbo àwọn tó yege ni mo tọ̀ lọ. Kò sí ọ̀kan tí ò mọṣẹ́."

"Àwọn tẹ́ ẹ lé padà ńkọ́? Ṣé o bi wọ́n?"

"Níbo la ti fẹ́ rí wọn?"

Dúrójaiyé bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ àdá, ó gbé e lé e lọ́rùn.

"Ó dáa, fọkàn balẹ̀. Àdá tèmi náà kì í pààyàn. Ọ̀pọ̀ olè tó wá jí kòkó mi ni mo ti fi ṣá. Gbogbo àwọn tí mo tún bá pàdé lọ́jà ni mo máa ń bi léèrè àlàáfíà. Koko lara wọn le."



"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́... àwọn tí ẹ ò pàdé mọ́ ńkọ́?"

"Níbo la ti fẹ́ rí wọn?"

Ó rọra fọwọ́ òsì gbá kòkó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọ̀mọ̀wé, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa bà á jẹ́.