Ohùn Tí Bàbá Fàthíà Ń Gbọ́

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Wàsílátù gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó dákú lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Nafeesah ló sọ ọ́, obìnrin tó ń ṣe ètò ‘Ta Ló Wádìí Ẹ̀?’, níbi tó ti máa ń fi Yorùbá tó yé tọmọdé tàgbà ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó kọ́kọ́ sọ pé kannakánná kì í gbàgbé ojú ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. Wàsílátù rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí Nafeesah wá ní àwọn dókítà kan ń gbé ohùn ará ilé sétí àwọn aláìsàn tó dákú, tí àwọn kan nínú wọn sì ń tètè jí, Wàsílátù gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni o, Nafeesah wí, àfi ohùn ẹni tí ọkàn aláìsàn mọ̀ dunjú.

Wàsílátù náà ní ẹni tirẹ̀ tó dákú. Rájí ọkọ rẹ̀ ń tún rédíò ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Apakun, ti ilé àti ti ọkọ̀, títí di ọjọ́ tí sílíńdà bú gbàmù ní ṣọ́ọ̀bù onígáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́ agboòrùn yẹn ni wọ́n ti gbé e, rédíò kékeré tí kì í gbé sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná ti jẹ irun àti ojú. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìsọlọ̀, báńdéèjì lórí, báńdéèjì láyà, kò kú, kò sì jí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Nafeesah di opó. Orí afẹ́fẹ́ ló wà nígbà tí Abdulhameed ọkọ rẹ̀ jóná mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀ tó páàkì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù onígáàsì. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì, kò sì sí ojú kankan tí à bá ṣí wò fún ìdágbére. Láti ìgbà náà ni Nafeesah ti wà nílé ní Ire-Akari tó ń ṣe opó, tó ń ti orí fóònù ṣe ètò rẹ̀.

Ọjọ́ tí Wàsílátù gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó gba ọsibítù lọ. Ó pe Bàbá Fàthíà. Ó ki oríkì rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kì í ní Ìsẹ́yìn, ó sọ ti lánlọ́ọ̀dù fún un, ó mú Fàthíà wá kó wá kéwú létí bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ò mira. Wàsílátù fi òróró pa á lẹ́sẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa ń fa aṣọ ìbora ya ti rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Àjíbíkẹ́, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ní ẹsẹ̀ tí kò tẹlẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó tan rédíò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Bí Nafeesah ṣe kí àwọn olùgbọ́, ìka ọwọ́ ọkùnrin náà gbéra. Wọ́n ṣe ìpolówó ọjà, ìka náà sùn. Nafeesah padà dé, ó tún gbéra.

Wàsílátù sunkún ayọ̀, ẹkún náà sì yí padà. Ó dùn ún. Ó sọ fún Àjíbíkẹ́ pé òun lòun bímọ fún un, rédíò ló wá ń dá lóhùn.

“Ẹ má jowú rédíò, mọ̀mí,” Àjíbíkẹ́ wí. “Iṣẹ́ wọn ni.”

Wàsílátù pe ètò náà lórí fóònù, ó ròyìn ohun tó rí.

“Ẹ dúpẹ́, Ìyá Fàthíà,” Nafeesah wí. “Ọkọ tèmi náà kì í jẹ́ kí ètò yìí fo òun. Tiyín ṣì wà níbi tí ẹ ti lè fọwọ́ kàn án.” Ó ṣèlérí pé ọjọ́ tí òun bá jáde opó, ọ̀dọ̀ wọn lòun máa kọ́kọ́ dé. Wàsílátù ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn án mọ́.

Bí Sátidé ṣe ń gorí Sátidé ni ọkùnrin náà ń sàn. Ó la ojú, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó sọ̀rọ̀. Wàsílátù lọ sí Apakun, ó gbá eérú tó kù níbẹ̀, ó ri agboòrùn tuntun mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíì má baà gba ojú iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó fọ ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e wá sí ọsibítù.

Nafeesah dé lọ́jọ́ kejì tó jáde opó. Wàsílátù fún un ní àga, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó tẹ̀ sí etí rẹ̀.

“Bàbá Fàthíà, ẹni inú rédíò yín ti dé.”

“Ẹ kú ìfaradà, sà,” Nafeesah wí.

Orí ọkùnrin náà yí sí i. Ẹnu rẹ̀ là. Wàsílátù ti ń fi ìborùn nu ojú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

“Nafeesah,” ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ, “ṣé bàbá onírédíò tó wà nínú ọkọ̀ mi ti tún un ṣe tán? Rédíò wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi.”