Ìbídùnní àti Ìyá Rẹ̀ Nínú Àṣekágbá

Ìbídùnní ló ń ṣètò ìdíje ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Iléṣà lórí ayélujára. Ní ọ̀sán Sátidé yìí, àṣekágbá bọ́ sí ọwọ́ òun àti ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Àkúrẹ́.

"Màámi, ẹ mọ òfin," ó wí fún ìyá rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ṣẹ́ẹ̀sì kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ máa ní láti pa ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí yín tó ń bá yín rántí nǹkan."

"Mo mọ̀. Àmọ́ tí mo bá pa á, mi ò ní dá ẹ mọ̀ mọ́."

"Ṣé ká fi sílẹ̀ ni?"

"Rárá o! Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ nà ẹ́."

Ìyá fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, iná kékeré ibẹ̀ sì kú. Ó wo Ìbídùnní bí ẹni ń wo àlejò.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pe òun ní "ẹ" dun Ìbídùnní. Wọ́n ń ta á lọ. Ìyá ò gbàgbé eré náà rárá. Nígbà tó yá, ó gbé ẹṣin rẹ̀ síwájú, ọba Ìbídùnní ò sì ríbi sá sí mọ́.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ta gan-an," ni ìyá wí. "Ta ló kọ́ yín?"

"Màmá mi ni, mà."

"Wọ́n kọ́ yín dáadáa. Ẹ bá mi kí wọn."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á gbọ́, mà."