Ẹ̀rọ Méjì Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbọ́n. Àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá tún lanu lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀tá ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ó rò pé oríkì ni.

Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun ìyanu. Wọ́n la ojúde kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn oníléeṣẹ́ ti ń pàdé láti jọ ṣiṣẹ́. Ẹnìkan á kọ àṣẹ níhìn-ín, ẹni tó wà lẹ́yìn odò á ti kà á kí ẹni tó kọ ọ́ tó gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní, Ẹlẹ́dàá, ta ni ọmọ ènìyàn tí o fi irú ọgbọ́n yìí sí nínú? Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, inú ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń gbé, tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní dátábéèsì. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, gbogbo wọn di odi. Ẹ̀gbọ́n Mo-mọ̀-ọ́n-tán gan-an, ọ̀gá bíríkìlà tó fi òógùn ojú rán an nílé ìwé nígbà tí bàbá wọn kú, ojúde yìí ló ti ń gba àṣẹ tó fi ń gun òkè ilé. Ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ ọn.

Ọ̀gá àgbà wá ní kí wọ́n yan ètò tí ojúde náà kò fi ní kú láé. Mo-mọ̀-ọ́n-tán ní ẹ̀rọ méjì ti tó: ọ̀kan níhìn-ín, èkejì nínú ilé kan lápá kejì ìlú, tí yóò máa da gbogbo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kọ. Bí èkejì kò bá ti gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ mọ́, kó gba ipò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ẹnjiníà bíi tirẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ní kí wọ́n fi ẹ̀kẹta kékeré kan sí ibòmíràn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa jẹ́rìí ẹni tó wà láàyè. Ẹ̀rọ tí kò bá rí ẹlẹ́rìí, kó má jọba.

“Ẹ̀rọ tí kò ní ṣe nǹkan kan ju kó jókòó máa wòran,” ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán wí. “Ìyá Ìbejì, ṣé ká kúkú ra àga ìrọ̀gbọ̀kú fún un?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Mo bí ìbejì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àwọn méjèèjì bá ní àwọn làgbà, ẹni kẹta ló ń là wọ́n. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.”

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Méjì náà ni wọ́n gbé kalẹ̀.

Kò pẹ́, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jó nínú. Kí ojú tó ṣẹ́, èkejì ti gba ipò. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́ kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn tó wà nínú yàrá ẹ̀rọ dìde dúró, wọ́n ń wo iná wíńníwíńní tó ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀, wọ́n ṣí fìlà bí ẹni tó wà nínú ilé Ọlọ́run. Wọ́n tún ti àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n sì fi Mo-mọ̀-ọ́n-tán jẹ ọ̀gá lórí gbogbo ẹ̀ka. Ìyá Ìbejì bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ó tún rọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kẹta. Mo-mọ̀-ọ́n-tán ní kó lọ bí ìbẹta, kó wá fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ń gbẹ́ kòtò lẹ́bàá títì gé wáyà tó so ilé méjèèjì pọ̀. Ẹ wá wo ohun ẹ̀rù. Ẹ̀rọ kankan kò kú. Èkejì pe àkọ́kọ́, kò gbọ́ ohùn, ó gbà pé ó ti kú, ó gorí ìtẹ́. Àkọ́kọ́ kò sì kúrò lórí ìtẹ́ tirẹ̀. Ọba méjì jókòó láàfin kan, kò sí ẹni tí yóò sọ èyí tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ fún wọn. Gbogbo iná ń tàn bí ẹni pé àlàáfíà ni. Àwọn tó wà lápá ìhín ń kọ̀wé sínú ọ̀kan, àwọn tó wà lápá ọ̀hún ń kọ sínú èkejì, kálukú rò pé gbogbo ayé ń ka tòun.

Láàárọ̀ yẹn kan náà, obìnrin tó ya àwòrán ilé tí ẹ̀gbọ́n Mo-mọ̀-ọ́n-tán ń kọ́ lápá ọ̀hún rí i pé kọ́ńkéré àjà òkè kò tíì le. Bẹ́ẹ̀ àṣẹ àná ni pé kí wọ́n yọ igi tó gbé e ró. Ó yára kọ ọ́ láti ọ́fíìsì rẹ̀ pé kí wọ́n má yọ ọ́ o. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ojúde náà kò já a kulẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú ẹ̀rọ apá ìhín. Ti apá ọ̀hún ni ẹ̀gbọ́n náà ń kà. Ó wò ó, ó tún wò ó, ẹni tó ń ṣọ́ra ni. Àṣẹ àná ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ sún sẹ́yìn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ igi. Àjà wó lé e lẹ́sẹ̀.

Obìnrin náà búra pé òun kọ ọ́. Àwọn bíríkìlà búra pé àwọn kò rí i. Mo-mọ̀-ọ́n-tán ṣí ẹ̀rọ méjèèjì wò, ó rí i pé òtítọ́ ni tọ̀tún tòsì ń sọ. Ó sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà kó tó débẹ̀.

“Àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, “wọ́n ní ẹ̀rọ yín ló kú.”

“Kò kú, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn méjèèjì ló wà láàyè.”

“Èwo ló wá purọ́ fún mi?”

“Ìkankan ò purọ́.”

“Kí ló wá gé mi lẹ́sẹ̀?”

Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Ìyá Ìbejì, kò sì sí ilé iṣẹ́ mìíràn tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dárí jì í. Wọ́n jọ ń gbé, àbúrò ló ń pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá sọ fún un, ìbáà ṣe pé òjò ń bọ̀ lásán, ẹ̀gbọ́n náà á rọra wo ojú rẹ̀, á ní, “Ta ló tún rí i?”

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo kò gbé ìdájọ́ lé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo. Ta wá ni èmi, ta ni ìwọ? Ẹni tó bá ń yan ètò fún iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́, kó má wí pé méjì pọ̀ ju ọ̀kan lọ, kó wá lọ sùn. Kó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí yóò là wọ́n lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá ń pe ara wọn ní ọ̀gá. Ìmọ̀ràn tí o fi rẹ́rìn-ín ní ìpàdé lè jẹ́ ohùn Olúwa láti ẹnu ẹgbẹ́ rẹ. Ẹni tó bá sì lé ẹlẹ́rìí jáde lọ́jọ́ ayọ̀, kò ní rí i pè lọ́jọ́ ẹkún.