Èmi-Ńkọ́ Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìlara ni àìsàn tó ń ṣe ọkùnrin kan. Òun ni olórí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì kan. Èmi-Ńkọ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá yin ajá ẹnu ọ̀nà pàápàá lójú rẹ̀, á ní, "Èmi ńkọ́?"

Ẹni tí Èmi-Ńkọ́ ń jowú rẹ̀ jù lọ ni Ìyá Ìbejì, opó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí búrẹ́dì rẹ̀ máa ń rọ̀ bí òwú. Kí obìnrin yìí tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láàárọ̀, á kọ́kọ́ lọ gbàdúrà ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi-Ńkọ́ a máa sín in jẹ: á dijú, á mirí, á jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, àwọn ará ibi iṣẹ́ á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà tó ni ilé búrẹ́dì fẹ́ ṣí ìsọ̀ kejì. Ó ní àwọn àlejò mẹ́ta ń bọ̀ wá tọ́ búrẹ́dì Èmi-Ńkọ́ àti ti Ìyá Ìbejì wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù ni yóò ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́, kó máa lọ sílé.

Èmi-Ńkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé àlejò kankan ò ní fẹnu kan ti Ìyá Ìbejì. Àǹtí tó ń fọ páànù gbọ́, ó sáré wá sọ fún un, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó tètè da iyọ̀ sí ti ọkùnrin náà.

"Rárá, àǹtí mi," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ọlọ́run tó ń bọ́ àwọn ọmọ mi látìgbà tí bàbá wọn ti kú, kò tíì sùn. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ ọ́."

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á o. Ó fi aṣọ bo abọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé.

Bó ṣe yíjú báyìí, Èmi-Ńkọ́ yọ́ wọlé. Ó da odindi agolo yíìsì mẹ́ta, nǹkan tó ń mú ìyẹ̀fun wú, sínú abọ́ náà. Ó ń pò ó lọ́wọ́ ló gbọ́ ohùn ìyá àgbà àtàwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èmi-Ńkọ́ gbé abọ́, gbé agolo, ó kó wọn wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì fa ilẹ̀kùn dé mọ́ ara rẹ̀.

Ìyá Ìbejì padà wọlé, ó bá orí tábìlì lófo. Ìyá àgbà béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ lòun fi í sí. Àwọn àlejò ń wojú ara wọn. Wọ́n wá Èmi-Ńkọ́ náà, wọn ò rí i. Wọ́n bá jókòó, wọ́n ní àwọn á dúró díẹ̀. Ìyá Ìbejì tẹrí ba, ó rọra wí pé, "Olúwa, ojú mi ò tó ọ̀rọ̀ yìí. Tìrẹ tó o."

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ooru ààrò ti mú ìyẹ̀fun. Ó kún abọ́, ó gun orúnkún, ó di Èmi-Ńkọ́ ní ìbàdí. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹ̀fun gba abẹ́ apá rẹ̀ yọ. Ó bù ú jẹ kó lè dín kù, èyí tó jẹ náà tún ń wú nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tí ìyẹ̀fun dé àgbọ̀n rẹ̀, ó rántí pé èèyàn a máa gbàdúrà.

"Ọlọ́run Ìyá Ìbejì," ló wí, "jọ̀ọ́, gbà mí."

Ilẹ̀kùn já gbàà. Èmi-Ńkọ́ yí gbirigbiri síwájú àwọn àlejò, ó funfun báláú, agolo yíìsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí la máa tọ́ wò?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọ́n fún Ìyá Ìbejì ní àyè, ó po òmíràn, àwọn àlejò ò sì ṣẹ́ ẹ̀rúnrún kan kù. Òun ló di ọ̀gá ìsọ̀ tuntun. Ti Èmi-Ńkọ́, ìyẹ̀fun gbẹ mọ́ ọn lórí débi pé wọ́n fá irun orí àti irun ojú rẹ̀ pátá. Ìyá Ìbejì ló bá a bẹ̀bẹ̀ tí wọn ò fi lé e. Páànù ló ń fọ̀ báyìí, àǹtí sì ni ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn, bí ọ̀tá bá dìde sí yín, ẹ má ṣe wá iyọ̀ tí ẹ máa dà sí tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ẹ má sì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Bí àyà yín tilẹ̀ ń já, àdúrà ẹni tí àyà rẹ̀ ń já náà ń gòkè. Ẹ̀yin onílara náà, ẹ kọ́ àdúrà nígbà tí àyè ṣì wà, ẹ má dúró dìgbà tí ìyẹ̀fun bá dé àgbọ̀n.