Ọ̀gá Kò-Síyọnu àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ìgbéraga ló ba ọkùnrin yìí jẹ́, òun àti ìkórìíra òótọ́. Ó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ilé mẹ́ta alájà mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀ṣọ́ mọ́kànlélógún ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe burú ju olè lọ: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé nǹkan bàjẹ́.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Lárààárọ̀, ẹ̀ṣọ́ tó bá yí ọgbà ká yóò kọ ohun tó rí sínú rẹ̀, ọ̀gá yóò sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí ọkùnrin yìí gorí àga, ó kó gbogbo wọn jọ.

"Ẹ gbọ́ dáadáa o. Olùdarí máa ń yẹ ìwé yìí wò. Mi ò fẹ́ ka ẹjọ́ gílóòbù tó kú àti fèrèsé tó fọ́. Kò síyọnu ni kẹ́ ẹ máa kọ. Ẹni tó bá kọ nǹkan míì, òun gan-an ni ìyọnu."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kò-Síyọnu lẹ́yìn rẹ̀.

Báyìí ni ìwé náà ṣe ń kún. Ọ̀pá omi ń jò, kò síyọnu. Ògiri ẹ̀yìn wó, kò síyọnu. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n ń tutọ́ funfun jáde. Nígbà tó yá, ọ̀gá kì í tilẹ̀ kà á mọ́. Yóò kàn ṣí i, yóò buwọ́ lù ú, yóò máa mu tíì rẹ̀ lọ. Olùdarí fún un ní ìwé ẹ̀yẹ, ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Àgbàlagbà kan wà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onítọ́ọ̀ṣì. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kì í fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá tó ń gbálẹ̀ àjà kẹrin ilé àárín pè é.

"Bàbá, ẹ bá mi wo ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ẹ̀yìn yìí. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń yí kọ́kọ́rọ́, kò yí."

Bàbá fi èjìká tì í, ilẹ̀kùn ò mira. Yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn iwájú, ibẹ̀ nìkan ni èèyàn lè gbà sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níwájú ńkọ́, ibo lẹ máa gbà?"

"Ibo ni mo mọ̀? Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn."

Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé: "Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, àjà kẹrin ilé àárín, kò ṣeé ṣí. Ó léwu." Ọ̀gá dé, ó buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ pa ìwé dé lojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà.

"Ta ló kọ rádaràda yìí?"

"Èmi ni, sà. Ilẹ̀kùn yẹn—"

"Ìwọ! Ṣé o fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" Ẹni tó lè bí i lọ́mọ ló ń pè ní ìwọ. Ó fa ojú ewé náà ya, ó rún un, ó sọ ọ́ lu bàbá náà láyà. "Ṣa ìdọ̀tí ẹ nílẹ̀! Láti òní lọ, géètì ìta lo ó máa dúró sí, nínú oòrùn, láìsí àga."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa á, ó fi í sápò. Ó gbìyànjú láti rí olùdarí, wọ́n ní kó gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ wá. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, àmọ́ ohun tí Kò-Síyọnu ṣe gan-an nìyẹn. Ó sùn dáadáa.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, wáyà kan gbiná ní àjà kejì ilé àárín yẹn. Èéfín bo àtẹ̀gùn iwájú. Àwọn tó wà lókè pátápátá sáré lọ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ò ṣí. Kò-Síyọnu, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ló kọ́kọ́ dé títì. Bàbá ní tirẹ̀ yọ irin géètì, ó gba ẹ̀yìn gòkè, ó ń lu ilẹ̀kùn náà títí tó fi já. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló fi wá wọn nínú èéfín. Akọ̀wé mẹ́sàn-án rá jáde. Ẹni kẹwàá ni ìyá agbálẹ̀. Ó ti ti àwọn akọ̀wé síwájú kí wọ́n lè rí atẹ́gùn mí lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìta, ó ti kú. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Kò-Síyọnu gbé ìwé rẹ̀ síwájú wọn, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ kà á fúnra yín. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Bàbá ki ọwọ́ bàpò, ó yọ ojú ewé tó ti rún náà. Wọ́n fi etí rẹ̀ kan ibi tó ti ya nínú ìwé, wọ́n bára mu.

"Ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ yìí?" ni alága bi Kò-Síyọnu.

Wọ́n fà á lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje.

Lẹ́wọ̀n, wọ́dà máa ń gbé ìwé kiri lárààárọ̀ láti bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n bóyá nǹkan ń ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ kan Kò-Síyọnu di ọ̀pá irin mú, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àyà ń dùn mí. Mi ò lè mí dáadáa."

Wọ́dà ò gbójú sókè. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò-Síyọnu na ọrùn láti wo ohun tó kọ. "Kò síyọnu" ló kọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe olórí, ẹ kọ́gbọ́n. Ẹni tó sọ fún yín pé ilé ń jò kọ́ ló lu òrùlé. Bí ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́, òjò ò ní tìtorí ìyẹn dá. Ẹ̀yin tó wà lábẹ́ náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ogún ẹ̀ṣọ́ ló gbọ́ nípa ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n sì ń kọ kò síyọnu fún oṣù méjì gbáko. Wọn ò lọ sẹ́wọ̀n, àmọ́ ọwọ́ wọn ò mọ́. Ìyá agbálẹ̀ fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn pé kò síyọnu.