Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Dẹ Pàkúté

"Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun!" Olótùú ìwé atúmọ̀ èdè na ìka sí ojú ewé ìwé atúmọ̀ èdè tí Ìyáàfin Thwaite ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde. "‘Lindle’: kéèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó má lè lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ní gbogbo England! Rupert ọkọ mi ló hùmọ̀ rẹ̀ fún mi nídìí tíì àárọ̀, mo fi í sínú ìwé tèmi, ká lè fi mú ẹ̀yin aládàkọ."

Ìyáàfin Thwaite fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Mi ò wo ìwé yín, mà. Ọdún méjì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti kọ èyí sí mi."

Ọwọ́ ìkọ̀wé Rupert ni.

"Olólùfẹ́ mi, lánàá, mo tún lindle lẹ́nu ọ̀nà rẹ."